Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Dúró De Ẹ̀gbọ́n Mi

Màámi kì í pe ọkọ̀ yẹn ní ọkọ̀. "Ẹrù bàbá yín" ni wọ́n ń pè é. Bí àlejò bá bèèrè ohun tó wà lábẹ́ tapólì nínú gáréèjì wa, wọ́n á ní ọmọ kan ni, tó kọ̀ tí kò kúrò nílé. Àlejò á rẹ́rìn-ín, Bàámi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín Bàámi kì í pẹ́ lẹ́nu, nítorí ọmọ tó kúrò nílé gan-an ló ń dùn wọ́n lọ́kàn.

Ọkọ̀ náà dàgbà jù mí lọ. Irú èyí tí wọ́n ń ká òrùlé rẹ̀ sẹ́yìn ni, bí ìgbà téèyàn ká ẹní, kí atẹ́gùn lè fẹ́ síni lórí. Àlòkù ni Bàámi rà á nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì. Ara rẹ̀ ti dípẹtà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ti nọ́ọ̀kì. Bàámi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló jọ ń tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi yìí, èmi kì í lo "ẹ̀yin" fún un. A jọ jà lórí oúnjẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo Sátidé ni òun àti Bàámi máa ń wà nínú gáréèjì, tí wọ́n á máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí ẹni tó wà lóde kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀gá ni Bàámi ń pè é. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe èmi, nítorí pé aránṣọ ni mí, mo sì tín-ín-rín. Èmi ni mo rán òrùlé kánfáàsì ọkọ̀ náà. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, wọ́n ní mo káre, wọ́n sì padà sídìí iṣẹ́ wọn.

Wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ jáde, wọ́n wá òmíràn tó ṣì lágbára. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì yẹn délé ni ìwé ìrìnnà ẹ̀gbọ́n mi sí òkè òkun jáde. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó ti gbé àpò kọ́ èjìká tán kó tó tún yà sí gáréèjì. Ó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà, ó ní, "Ẹ má tíì gbé e wọlé o, Bàámi. Ẹ dúró dè mí, ká jọ gbé e." Bàámi ní kò burú.

Bí ẹ́ńjìnnì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dúró nìyẹn. Bàámi gbé e lé pákó, wọ́n fi epo pa á lára kó má bàa dógùn-ún, wọ́n fi aṣọ àtijọ́ bò ó. Ọjọọjọ́ Àìkú ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè lórí fóònù, á ní ìparí ọdún ni òun ń bọ̀. Ọdún á parí. Á ní ìwé òun kò tíì pé, èyí tó ń bọ̀ kò ní yẹ̀. Mi ò sọ pé irọ́ ló ń pa. Ọ̀nà jìn, ohun tójú rẹ̀ sì ń rí lọ́hùn-ún, òun nìkan ló lè ròyìn ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Bàámi bá ti gbé fóònù sílẹ̀, tí wọ́n dìde lọ máa nu ẹ́ńjìnnì tí kò ní ìdọ̀tí kankan, inú á bí mi débi pé mo máa ń fi abẹ́rẹ́ gún ara mi. Èmi tí mo wà nílé, tí mò ń gbé omi ìwẹ̀ fún wọn, kò sẹ́ni tó ń dúró dè mí.

Ìgbà tó yá, ojú Bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kò dùn wọ́n. Ńṣe ni ìmọ́lẹ̀ ń kúrò láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, tí ibi tí wọ́n ń rí ń kéré sí i. Dókítà ojú ní oògùn lè mú kó rọra máa bọ̀, kò lè dá a dúró. Ó ní kí wọ́n má wakọ̀ mọ́. Èmi ni mo fi ọkọ̀ tí mo fi ń kó aṣọ oníbàárà gbé wọn bọ̀ wálé. Lójú ọ̀nà, wọ́n sọ fún mi pé ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń wu àwọn: kí àwọn jókòó nínú ọkọ̀ yẹn kí ojú tó kú, kí òrùlé ká sẹ́yìn, kí àwọn rí ojú ọ̀nà, kí Ọ̀gá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn. Mo ní yóò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Lọ́jọ́ yẹn, díẹ̀ ló kù kí n fi ọkọ̀ kọ lu òpó iná.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ bó ṣe rí fún un, mi ò bù mọ́ ọn, mi ò sì yọ kúrò níbẹ̀. Ó ní bí òun bá jáde lọ́hùn-ún báyìí, wọn ò ní jẹ́ kí òun wọlé mọ́, gbogbo ìyà tí òun ti jẹ á sì di òfo. Ó ń sunkún. Ó ní kí n bá òun sọ fún Bàámi pé kí wọ́n máa gbé ẹ́ńjìnnì náà wọlé. Mo ní mi ò jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ó sọ ọ́. Bàámi ní kò burú, kò burú rárá, wọ́n sì jẹ oúnjẹ wọn tán láìṣẹ́kù, èyí tó dẹ́rù bà mí ju kí wọ́n kọ oúnjẹ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Abẹ́rẹ́," wọ́n wí, "ṣé wàá lè bá mi di ṣéènì mú?"

Láti kékeré ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo fi ẹ̀wù ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀ tòun ti apá kan ṣoṣo tí mo ti rán mọ́ ọn.

Bàámi ní òfin kan nídìí ẹ́ńjìnnì, wọn kì í sì í fi ṣeré. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ọkọ̀ nìkan ló ń pàṣẹ. Ẹni tó wà lókè, tó di ṣéènì tí wọ́n fi ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè sódò mú, gbọ́dọ̀ tún àṣẹ náà sọ kó tó fa ohunkóhun, kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, nítorí ìka ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló wà láàárín irin. Ìka náà ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíà ti pàdé. Ojú kò wúlò níbẹ̀. Bàámi ní àwọn ni yóò wọ abẹ́ ọkọ̀, pé ojú tó kù fún àwọn ti tó òkùnkùn lò. Màámi yọjú, wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Bàámi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ gbé omi tíì kaná.

Mo fa ṣéènì. Ẹ́ńjìnnì gbéra lórí pákó, ó ń rọra yí lójú afẹ́fẹ́. Mo fi ìbàdí tì í síwájú títí ó fi dúró lórí àyè rẹ̀.

"Sọ̀ ọ́ díẹ̀."

"Mò ń sọ̀ ọ́ díẹ̀."

"Dúró."

"Mo dúró."

Ohùn Bàámi tutù bí mi ò ṣe gbọ́ ọ rí. Mo wá mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láwọn Sátidé yẹn nìyí, kò sí àṣírí kankan nínú rẹ̀. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rù ń bà mí. Ó ku díẹ̀ báyìí kí irin méjèèjì pàdé, Bàámi sì ti ń mí hẹlẹhẹlẹ nísàlẹ̀.

"Ọ̀gá, sọ̀ ọ́ díẹ̀ sí i."

Ọwọ́ mi wà lórí ṣéènì, mo sì mọ òfin, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀.

"Ọ̀gá, mo ní kó o sọ̀ ọ́."

"Ọ̀gá ò sí níbí, Bàámi."

Mo ti rú òfin. Ẹ́ńjìnnì so rọ̀ láàárín wa, kò lọ sókè, kò wá sísàlẹ̀. Mo ń wo ẹsẹ̀ Bàámi méjèèjì tó yọ síta lábẹ́ ọkọ̀, wọn kò mira, mo sì ti ń fẹ́ kí n kó ọ̀rọ̀ mi padà.

"Mo mọ̀ pé kò sí," wọ́n wí. "Tí mo bá ti wà lábẹ́ ibí yìí ni mo máa ń gbàgbé. Jẹ́ kí n gbàgbé lẹ́ẹ̀kan yìí sí i, ọmọ mi."

"Mò ń sọ̀ ọ́ díẹ̀ sí i," mo wí.

Ẹ́ńjìnnì wọ inú gíà. A di gbogbo nọ́ọ̀tì, Bàámi ń pè mí ní Ọ̀gá títí iṣẹ́ ọjọ́ náà fi parí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ó dùn mí. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti pè é, á dà bíi pé ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀ lóòótọ́, tó fara ti ògiri, tó ń jẹ bisikíìtì láìṣiṣẹ́ kankan. Àárò rẹ̀ sọ mí lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tó lọ.

A so rọ́bà omi, a so wáyà, a bu epo sí i. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó kọ̀, ó tún wúkọ́, ó wá jí. Bàámi lọ wẹ̀, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń jáde, wọ́n ká òrùlé sẹ́yìn fúnra wọn. Wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí mi, wọ́n sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màámi ní àwọn ò bá wa lọ, pé ohun tí kò ní orí, àwọn ò fi tiwọn wewu nínú rẹ̀, wọ́n sì ṣí géètì fún wa.

Mo wa ọkọ̀ jáde. Atẹ́gùn fẹ́ sí wa lójú. Títì nà lọ níwájú, igi wà lọ́tùn-ún lósì, oòrùn sì mọ́ sórí gbogbo rẹ̀. Mo ní kí Bàámi wò ó. Nígbà tí mo yíjú, wọ́n ti yí padà lórí àga, wọ́n gbé apá lé ẹ̀yìn ìjókòó, ilé wa ni wọ́n ń wò. Kò sí òrùlé tó máa dí wọn lójú.

"Ẹnì kan dúró lẹ́nu géètì," wọ́n wí. "Ta ni?"

Ó wù mí kí n parọ́. Wọn kì bá tí mọ̀.

"Màámi ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n," wọ́n wí, ṣùgbọ́n wọn ò yíjú padà.

Mo dín eré kù, mo jẹ́ kí ọkọ̀ máa rọra yí lọ, kí ẹnu géètì náà lè pẹ́ lójú wọn.