Òrùka Ọwọ́ Òsì

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kẹfà, àwọn àgbà ìjọ méjì wá sílé Oyèbọ́lá ní Ungwan Romi, ní Kaduna. Wọ́n gbé páálí ohun mímu mọ́ọ̀tì kan dání. Wọ́n jókòó, wọ́n tún fìlà wọn ṣe, wọ́n sì sọ fún un pé àwọn wá tọrọ rẹ̀ fún Silas oníkẹ̀kẹ́.

Oyèbọ́lá rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé àwọn àlejò ò bá òun rín in, ó pa ẹnu dé.

"Èmi? Mo lọ́kọ o," ni ó fi Haúsá wí fún wọn. "Ọdún méjìlélógún rèé tí mo ti wà nílé ọkọ."

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wo iyàrá náà yí po. Bàtà ọkùnrin kan ò sí lẹ́nu ọ̀nà. Nínú àwọn àga mẹ́rin tó wà níbẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni tìmùtìmù rẹ̀ ti wọlẹ̀ nítorí ìjókòó.

"Haba, Màmá! Ọdún kejì rèé tí Silas ti ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ yín, kò rí ọkùnrin kankan lọ́dọ̀ yín rí. Kò sì sí òrùka lọ́wọ́ yín. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ìyàwó rẹ̀ ló kú. Ó rò pé opó bíi tòun lẹ jẹ́."

Oyèbọ́lá dìde, ó lọ gbé Bíbélì rẹ̀ wá. Nínú ìjọ tí wọ́n ti so òun àti Láńre pọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun ọ̀ṣọ́ ayé ni wọ́n ka òrùka sí. Bíbélì ni pásítọ̀ fi so wọ́n pọ̀: ọwọ́ ọkọ nísàlẹ̀, ọwọ́ ìyàwó lókè, Bíbélì láàárín. Orúkọ àwọn méjèèjì àti ọjọ́ ìgbéyàwó wà lójú ewé àkọ́kọ́, tàdáwà rẹ̀ sì ti ń pọ́n. Àwọn àgbà náà wò ó, wọ́n tọrọ àforíjì títí ó fi sú Oyèbọ́lá, wọ́n sì gbé mọ́ọ̀tì wọn. Lẹ́nu ọ̀nà, èyí tó jẹ́ àbúrò yíjú padà.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ṣùgbọ́n Bíbélì yín, inú ilé ló ń gbé. Ọwọ́ yín ló ń jáde."

Láńre ọkọ rẹ̀ ń bá àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ṣiṣẹ́ ní ìhà Pọ́tákọ́ọ̀tù. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún ló ń wálé. Láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀nà Àbújá di ibi ẹ̀rù, ó di ọdún Kérésì nìkan. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Tolúwalàṣẹ, ń sin ìlú ní Kàlàbá. Bí ìyá rẹ̀ bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Haúsá ni yóò fi dáhùn, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi sọ pé ẹnì kan ń pe òun.

Lálẹ́ ọjọ́ náà Oyèbọ́lá pe ọkọ rẹ̀, ó ròyìn àlejò fún un. Láńre rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á.

"Silas wo? Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́? Yéè, wọ́n fẹ́ gbà mí níyàwó! Ṣé o sọ fún wọn pé o lọ́kọ?"

"Mo sọ fún wọn."

"Ó parí nìyẹn."

"Bàbá Tolú, wọ́n ní kò sí òrùka lọ́wọ́ mi."

"Òrùka kì í di ìgbéyàwó mú, jàre. Kí lo jẹ lálẹ́ yìí?"

Kó tó lanu, fóònù ti já. "Ẹ̀kọ ni," ni ó wí fún fóònù tó ti dákẹ́. Àwọn àgbà ní ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Ojú Láńre jìnnà.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rò ó. Ó gbàdúrà sí i pẹ̀lú. Ó sọ fún Ọlọ́run tó rí Hágárì nínú aṣálẹ̀ pé kì í ṣe pé òun fẹ́ ṣe fáàrí. Òun kàn fẹ́ kí ẹni tó bá rí òun mọ̀ pé òun ní ẹnì kan ni. Ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tó ta búrẹ́dì rẹ̀ tán, ó wọkọ̀ lọ sí Tudun Wada níhà àwọn Mùsùlùmí, sọ́dọ̀ Àfáà Mahmud, ọmọ Ìlọrin tó ń rọ fàdákà nítòsí ọjà Kasuwan Barci. Àwọn ìyá ìjọ kan kì í kọjá afárá lọ sọ́hùn-ún mọ́ láti ìgbà ìjà ẹ̀sìn. Oyèbọ́lá lọ, nítorí ó fẹ́ fi èdè ìyá rẹ̀ ra ohun tó ń lọ rà.

Àfáà to òrùka márùn-ún sórí àkísà dúdú kan. Kò sọ pé èyí ló dára tàbí èyí ló wọ́n. Ó ní, "Kí lẹ fi ọwọ́ yín ń ṣe?"

"Búrẹ́dì. Èmi ni mo ń pò ó, èmi náà ni mo ń tà á."

"Ojoojúmọ́?"

"Àfi ọjọ́ Ìsinmi."

Àfáà kọ́kọ́ mú èyí tó ní òkúta kúrò. "Ìyẹ̀fun á sá sábẹ́ òkúta yìí. Tó bá di ọjọ́ kẹta, á máa rùn bí ògì." Ó mú èyí tí wọ́n fín ní fínfín kúrò, ẹjọ́ kan náà ni. Ó mú aláwọ̀ wúrà kúrò. "Omi àti iyọ̀ á bó èyí láàárín oṣù mélòó kan, á wá ku bàbà sí yín lọ́wọ́." Ó ku méjì, fàdákà lásán. Ó fi ìka méjì tẹ èyí tó tínrín, ó sì tẹ̀ lóòótọ́. "Ọwọ́ tó ń pò ìyẹ̀fun lágbára jù mí lọ." Bí ó ṣe ku ẹyọ kan nìyẹn, ó nípọn díẹ̀, etí rẹ̀ sì dán roboto.

"Ó dára tó jẹ́ ọ̀sán lẹ wá," ni ó wí. "Ìka àárọ̀ máa ń pa irọ́, ó máa ń tínrín. Ọwọ́ wo?"

"Òsì. Òsì ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí."

"Ọmọ Ajílété! Òsì kẹ̀?"

"Ẹ̀yin ará Ìlọrin tí ẹnu yín dùn ju iyọ̀, ẹ bá mi wọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ n máa lọ."

Àfáà rẹ́rìn-ín, ó na òwú sí i. Kì í fọwọ́ kan ọwọ́ ìyàwó oníyàwó. Oyèbọ́lá ló fi òwú náà yí ìka ara rẹ̀ po. Nígbà tí Àfáà tún òrùka náà ṣe tán, kò tètè gbé e sílẹ̀.

"Baálé yín ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́nu iṣẹ́, lọ́nà jíjìn. Ó di Kérésì."

"Ẹ ò ṣe jẹ́ kó dé? Òrùka ìyàwó, ẹlòmíì níí fi í sí ni lọ́wọ́. Èyí tí èèyàn bá fi sọ́wọ́ fúnra rẹ̀, ọ̀ṣọ́ ni."

"Àfáà, oṣù mẹ́fà ló kù."

Ọkùnrin náà wò ó, ó mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run á mú un dé láyọ̀." Ó gbé òrùka náà sórí àkísà, ó sì tì í sọ́dọ̀ rẹ̀. Oyèbọ́lá yíjú sí ògiri bí ẹni tó fẹ́ tún ìborùn ṣe, ó fi òrùka sí ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọjọ́ kejì nídìí ọjà ni ó tó mọ àṣìṣe rẹ̀. Ta ló ń fi ọwọ́ òsì ta ọjà? Ní Kaduna, àti Haúsá àti Yorùbá, ẹni tí o bá fi òsì na nǹkan sí, o bú u ni. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń gbé búrẹ́dì, ọwọ́ ọ̀tún ló ń gbowó. Òsì a máa di aṣọ tó fi bo búrẹ́dì mú nítorí eṣinṣin. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, ẹnikẹ́ni ò rí òrùka náà. Silas pàápàá, tí ìtìjú kì í jẹ́ kó gbójú sókè mọ́, kò rí nǹkan kan.

Ó gbìyànjú láti fi sí ọwọ́ ọ̀tún. Oríkèé ìka ọ̀tún ti tóbi jù, iṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òrùka kọ̀, kò kọjá. Ó rò ó láti padà sọ́dọ̀ Àfáà, ojú sì tì í. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń bọ́ ọ bí ó bá fẹ́ pò ìyẹ̀fun, yóò gbé e lé ìdérí agolo iyọ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń wà níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀ṣọ́ ṣáà ni.

Kérésì dé, Láńre náà dé. Ó sùn, ó jẹun, ó tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe, ó kí àwọn ará ìjọ. Tolúwalàṣẹ ò wá, ọ̀nà ló bẹ̀rù. Lójoojúmọ́ Oyèbọ́lá ń wọ òrùka náà jẹun níwájú ọkọ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi fún un. Láńre gbà á, ó mu ún. Lálẹ́, Oyèbọ́lá gbé ọwọ́ òsì sórí ìrọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọkọ rẹ̀. Láńre ń hanrun. Ọjọ́ márùn-ún lọ báyìí. Pé àwọn tó ń ra búrẹ́dì ò rí i, kò dùn ún mọ́. Pé ọkọ rẹ̀ ò rí i, èyí dùn ún.

Ní ìdájí ọjọ́ kẹfà, àpò Láńre ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí mọ́tò tí yóò gbé e. Ó jókòó nílé ìdáná, ó ń fi ẹyin sísè mu tíì. Oyèbọ́lá sì ń pò ìyẹ̀fun, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ kọrin ìyìn òwúrọ̀. Láńre na ọwọ́ láti mú iyọ̀ sí ẹyin rẹ̀.

"Òrùka ta nìyí?"

"Tèmi ni."

Ó yí i wò nínú iná àtùpà. "Ta ló rà á fún ọ?"

Oyèbọ́lá ò gbójú sókè kúrò nínú ìyẹ̀fun. "Ẹ̀yin ni."

"Èmi? Ìgbà wo?"

"Nínú oṣù kẹfà. Ẹ ò sí nílé, mo bá yín lọ rà á."

Láńre ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé tíì sílẹ̀.

"Gbé ọwọ́ wá."

"Ìyẹ̀fun ló kún un."

"Gbé e wá bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ wo?"

Oyèbọ́lá wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Òsì," ni ó wí.

Ó ti ń ṣiṣẹ́ láti agogo mẹ́rin, ìka rẹ̀ ti wú, òrùka há sí oríkèé. Láńre ti ìka bọ inú òróró tí ìyàwó rẹ̀ fi ń pa inú agolo búrẹ́dì, ó fi pa oríkèé náà, ó ń yí òrùka lọ díẹ̀díẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le, ọ̀dà ọ̀nà ti wọ inú ìlà rẹ̀, kò sì lè jáde mọ́. Òrùka kọjá.

"Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn," ni ó wí.

"Ẹ rẹ́rìn-ín."

"Ṣé wọ́n kó mọ́ọ̀tì wọn lọ?"

"Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Kò tíì fi ọwọ́ náà sílẹ̀ nígbà tí mọ́tò fọn fèrè níta.

Nígbà tí ìró mọ́tò tán lójú títì, Oyèbọ́lá padà sídìí iṣẹ́. Ó na ọwọ́ sí ìdérí agolo iyọ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ó fà á padà, ó sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ìyẹ̀fun bí wọ́n ṣe wà.

Silas ni oníbàárà àkọ́kọ́. Ó dá kẹ̀kẹ́ dúró, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Ẹ kú ọdún, Màmá. Wọ́n ní maigídá, baálé yín, wálé."

"Ó wálé."

"Ṣé ó wà nínú ilé, kí n kí i?"

"Ó ti lọ."

Silas mi orí. Òun náà mọ bí ilé ṣe ń rí bí ẹnì kejì ò bá sí. Oyèbọ́lá gbé búrẹ́dì lé e lọ́wọ́, ọwọ́ ọ̀tún ló fi gbé e. Ọwọ́ òsì wà lábẹ́ aṣọ tó bo búrẹ́dì, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò dé. Ó ń fi àtàǹpàkò yí òrùka náà jẹ́jẹ́, ìyẹ̀fun ṣì wà létí rẹ̀.