Ẹni Tí Dókítà Ń Bi

Bí aṣọ bá tóbi jù lára àbúrò aránṣọ, ta ni ayé máa bú? Aránṣọ náà ni. Ìdí nìyẹn tí obìnrin yìí fi fa àbúrò rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, tó ní kó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló rán ṣẹ́ẹ̀tì náà fún un lọ́dún tó kọjá, àmọ́ ó ti wá ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Ó ní òun ò ní í jẹ́ kí àwọn oníbàárà òun máa rò pé òun ò mọ ìwọ̀n mọ́.

Àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó gbé apá méjèèjì sókè. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì ń darí ẹ̀rọ tó tóbi jù níbẹ̀, èyí tó ń tẹ ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Kòrẹ̀ẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, tó máa ń pọnmi, tó máa ń gbálẹ̀, tó tún máa ń sáré lọ síléèwé láìráhùn. Ìyá wọn ti kú kí ọmọ náà tó dá ìyá mọ̀. Obìnrin yìí ló pọ̀n ọ́n, òun ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ sọ, òun náà ló sì ń bá a sọ̀rọ̀ níwájú olùkọ́, níwájú onílé, níwájú ọ̀gá ibi iṣẹ́. Kódà nígbà tí Kòrẹ̀ẹ́ ti hu irùngbọ̀n, bí ẹnì kan bá bi í pé ṣé ara le, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa ń dáhùn pé ara le. Ó ti mọ́ àwọn méjèèjì lára, wọn ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀.

Ó fi téèpù yí i láyà ká. Ibi tí orí téèpù ti pàdé, lábẹ́ ọmú òsì, ni nǹkan kan ti ń ta mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dúró. Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ibẹ̀ dáadáa. Ọkàn àbúrò rẹ̀ ń sáré bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹni tí kò mọṣẹ́ tẹ̀: á sáré, á ta fìrì, á dúró díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ eré. Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ò sáré wá o. Ó ti pẹ́ tó ti jókòó sórí àga tó ń bá a ṣàwàdà.

Ó bi í pé kí lèyí. Kòrẹ̀ẹ́ ní kò sí nǹkan kan, pé iṣẹ́ ló pọ̀, pé iléèwé máa tó wọlé, ìwé sì gbọ́dọ̀ ti jáde kó tó dìgbà náà. Ó ní bóyá kọfí tóun mu láàárọ̀ ni.

Ohun tí kò sọ ni pé hóró oògùn funfun kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé náà ń lò, tí wọ́n ń pè ní má-sùn. Bí èèyàn bá gbé e mì, oorun á sá, ebi á sá, àárẹ̀ á sá. Ọ̀gá wọn mọ̀, ó kàn ń wo ibòmíràn ni. Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́ ni wọ́n kọ́ wa. Wọn ò sọ fún wa pé oògùn la ó máa fi ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀kan ni Kòrẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ ń lò, ìyẹn náà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Nígbà tó yá, ọ̀kan ò ràn án mọ́. Àyà ti wá ń dùn ún, òòyì ń kọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn, oúnjẹ ò sì wù ú jẹ mọ́. Ẹ̀rù ń bà á. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tóun lè sọ ọ́ fún.

Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, aránṣọ ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó mú àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó di ọsibítù. Ẹ wo ọkùnrin tó ga bí òpó tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fà kọjá níwájú àwọn nọ́ọ̀sì. Àwọn nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Nínú ara rẹ̀, ó ti pinnu. Bí dókítà bá bi òun, òun á jẹ́wọ́.

Dókítà náà, àgbàlagbà obìnrin kan tí kì í kánjú, gbọ́ àyà rẹ̀, ó tún un gbọ́, ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ṣé ó ń fa sìgá? Aránṣọ ní kì í fà. Ṣé ó ń mutí? Aránṣọ ní ọtí kẹ̀, pé òórùn rẹ̀ lásán kì í fẹ́ gbọ́. Ṣé ó ń sùn dáadáa? Aránṣọ ní alágbára ọmọ ni, oorun kì í dà á láàmú. Dókítà wá yí àga rẹ̀ sí Kòrẹ̀ẹ́.

"Ìwọ ni mò ń bi o. Ṣé ò ń lo oògùn kankan tó ń lé oorun lọ, tàbí tó ń fún ẹ lágbára láti ṣiṣẹ́?"

Kòrẹ̀ẹ́ la ẹnu. Ẹ gbọ́ mi o, ó la ẹnu. Àmọ́ inú ti bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Dókítà, ẹ má bínú, ṣé ó jọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lójú yín ni? Èmi ni mo tọ́ ọ. Bí àbúrò mi bá fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé èmi náà ń lò ó nìyẹn."

Dókítà ò bínú. Ó ní gbogbo ẹni tó bá wá lòun máa ń bi, pé àwọn oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń na ọkàn lẹ́gba títí tí kò fi ní í mọ bó ṣe ń lù mọ́, àti pé bí òun bá mọ̀, ó ní ohun tóun á ṣe, ó sì ní ohun tóun ò ní í ṣe. Ó wá bẹ aránṣọ pé kó lọ jókòó síta díẹ̀. Aránṣọ ní kò sí ohun tó pamọ́ láàárín òun àti àbúrò òun.

Kòrẹ̀ẹ́ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rí bó ṣe gbé orí sókè, bí orí rẹ̀ ṣe ń wú nítorí òun. Bí òun bá sọ̀rọ̀ báyìí, òpùrọ́ lòun pe ẹni tó tọ́ òun níwájú àlejò. Ó pa ẹnu dé, ó tún un là.

"Bí wọ́n ṣe wí ni, mà. Mi ò lo nǹkan kan."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Dókítà wò ó títí, ó kọ àwọn àyẹ̀wò tí wọ́n máa ṣe fún un, ó sì ní kò gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ títí èsì á fi jáde. Aránṣọ ń ráhùn títí wọ́n fi délé, pé àwọn dókítà òde òní, gbogbo ọ̀dọ́ ni wọ́n ń fojú olè wò. Kòrẹ̀ẹ́ bá a gbé báàgì rẹ̀, ó ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ọ̀gá ò jẹ́ kó sinmi. Ó ránṣẹ́ pé ẹ̀rọ ti há, pé ta ló tún mọwọ́ rẹ̀ bíi Kòrẹ̀ẹ́? Kòrẹ̀ẹ́ ní òun á kàn fi ọ̀nà hàn wọ́n, òun á padà. Bó ṣe débẹ̀, ó rí òkìtì iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, ó gbé má-sùn mì. Lọ́sàn-án, ó tẹ̀ ba láti fa bébà tó há sínú ẹ̀rọ. Kò nàró mọ́.

Aránṣọ ń rán bọ́tìnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì nígbà tí fóònù dún. Nígbà tó fi máa dé ọsibítù, wọ́n ti gbé Kòrẹ̀ẹ́ wọlé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń gé bébà nílé ìtẹ̀wé sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ìgékù bébà ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lápá. Dókítà ọjọ́ Mọ́ńdè náà ló jáde wá. Ó tún béèrè ìbéèrè ọjọ́ yẹn. Ọ̀rẹ́ náà bú sẹ́kún, ó fa ọ̀rá kékeré kan tí má-sùn wà nínú rẹ̀ yọ lápò ara rẹ̀, ó ní gbogbo àwọn ló ń lò ó, pé ti Kòrẹ̀ẹ́ ló kàn pọ̀ jù torí ọrùn rẹ̀ niṣẹ́ wà. Aránṣọ gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí. Ọwọ́ náà wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Dókítà ní àwọn á sa gbogbo ipá àwọn, àmọ́ ọkàn náà ti wú, agbára rẹ̀ sì ti ń tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kòrẹ̀ẹ́ la ojú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fẹ́ ṣe sùúrù, kò lè ṣe é.

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn? Dókítà bi ẹ́ lójú mi."

Ó pẹ́ kí Kòrẹ̀ẹ́ tó rí èémí tó máa fi sọ̀rọ̀. "Mo fẹ́ sọ ọ́, Àǹtí mi. Ẹ ti dáhùn kí n tó dáhùn."

"O ò bá já mi nírọ́. Níwájú gbogbo ayé, o ò bá já mi nírọ́."

"Ẹ ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀," ló wí.

Kò fi bú u o. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ẹ̀rín ọmọ tó ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ, èyí gan-an ló sì dun obìnrin náà jù. Kòrẹ̀ẹ́ béèrè bóyá ìwé ti jáde. Aránṣọ ní ó ti jáde, bẹ́ẹ̀ kò mọ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó kú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ tó pọ̀n dàgbà, tí kò ní ọmọ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin náà ò ké. Ó ń fi ọwọ́ pa á láyà, níbi tí kò ti sí nǹkan tó ń lù mọ́, títí àwọn nọ́ọ̀sì fi gbé e kúrò.

Àwọn èèyàn wá bá a kẹ́dùn, ilé kún. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé wá pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Àbúrò bàbá wọn ti kìlọ̀ fún aránṣọ pé ọ̀rọ̀ oògùn kò gbọ́dọ̀ jáde, pé a kì í ba orúkọ òkú jẹ́. Bàbá náà dìde, ó ní ọmọ dáadáa lọmọ àwọn, kò mutí, kò fa sìgá, kò fọwọ́ kan nǹkankan, àìsàn ọkàn ló kàn yọ́ wọlé. Gbogbo ilé kùn pé òótọ́ ni. Ọ̀gá mi orí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ tó ń gé bébà dúró sí, ó dorí kodò, aránṣọ sì rí iṣan ọrùn rẹ̀ tó ń ta wéré-wéré.

Aránṣọ dìde.

"Jókòó," ni bàbá náà wí fún un. "A ti ń bá ẹ sọ ọ́."

"Rárá, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́." Ó yíjú sí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ó lo oògùn. Irú èyí tó wà lápò yín náà ni. Dókítà bi í, ó sì la ẹnu, ó fẹ́ sọ ọ́. Èmi ni mo dáhùn."