Ẹsẹ̀ Bàtà Kan Tó Sọnù Nílé Ọtí

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ilé kan ti dàgbà tó, ẹ má bi onílé, torí onílé á fi kún un. Ẹ má sì bi ẹni tó fẹ́ wó o, torí òun á yọ nínú rẹ̀. Bàbá Téèpù ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa wọn àwọn ilé ọtí àtijọ́ kiri ìlú, kó máa wá ìwé wọn, kó sì máa kọ ìtàn wọn sínú ìwé ńlá kan tó ní èèpo aláwọ̀ ewé. Ilé ọtí mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà nínú ìwé náà. Ẹni tó bá rò pé òùngbẹ ló ń gbé e kiri kò tíì jókòó tì í rí: ìgò bíà kan ṣoṣo ló máa ń mu láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, ìdajì rẹ̀ á sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó parí.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà nítorí ó fi ọdún mẹ́rìndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ló ń bá a di ìkángun kejì téèpù mú báyìí, tó ń pe nọ́ńbà fún un. Ìyàwó Bàbá Téèpù ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ìyàwó kú, díẹ̀ ló kù kí ìbànújẹ́ gbé bàbá náà lọ. Odidi oṣù mẹ́jọ ni kò fi fọwọ́ kan téèpù. Tíṣà ló di ẹrù rẹ̀ wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó fa téèpù jáde lábẹ́ ibùsùn, tó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ dìde. Àwọn ilé yìí ò ní dúró de ẹni tó ń sunkún." Bàbá dìde. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ kó jókòó nígbà tí Tíṣà bá ní kó dìde?

Téèpù ọ̀hún, aláṣọ àtijọ́ ni. Ẹsẹ̀ bàtà àkọ́kọ́ lára rẹ̀ ti já dànù tipẹ́. Ẹlòmíràn ì bá ra tuntun, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ọkùnrin yìí. Ibi tí wọ́n kọ ọ̀kan sí ló máa ń tẹ̀ mọ́ ògiri. Ohun yòówù tí wọ́n bá kà ní ìkángun kejì, wọ́n á yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀, ó parí.

Ilé kejìlélọ́gbọ̀n ló wá di ọ̀ràn. Ilé ọtí Màmá Ìgò ni, ní ìkóríta. Àwọn tó fẹ́ fẹ ọ̀nà ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí i lára pé wíwó ni. Òfin kan ṣoṣo ló lè gbà á sílẹ̀: ilé tó bá ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wó o. Màmá Ìgò ní ilé òun lé dáadáa. Kò níwèé lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá rẹ̀ nìkan ló ní. Ìyá yìí, tó ta ọtí nídìí káńtà kan náà títí ọlọ́jọ́ fi dé, ti sọ fún un láìmọye ìgbà pé, "Bàbá mi ra ilé yìí lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, a ò sì wó ògiri kankan níbẹ̀ rí."

Bàbá Téèpù àti Tíṣà wọ ilé tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ sí lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń tú eruku, tí wọ́n ń sín. Nígbà tó ṣe, Tíṣà hó yèè títí ẹni tó ń ṣọ́ ìwé fi bojú jẹ́. Ìwé rírà ilé ló rí, tí wọ́n ti kọ láti ọdún mẹ́tàdínláàádọ́fà sẹ́yìn: alágbẹ̀dẹ kan ta ilé rẹ̀ ní ìkóríta fún ọlọ́tí kan, yàrá méjì, ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélógún, èkejì ní mẹ́rìnlá. Wọ́n sáré padà sílé ọtí, wọ́n na téèpù. Yàrá iwájú tí wọ́n ti ń mutí jẹ́ ogún. Yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó ìgò sí jẹ́ mẹ́tàlá.

Ojú bàbá fà ro. "Àwọn kọ́lékọ́lé ayé ìgbà yẹn kì í fi ẹsẹ̀ bàtà ṣeré," ó ní. "Ilé inú ìwé kọ́ nìyí. Wọ́n ti wó tibẹ̀, òmíràn ni wọ́n kọ́ síbẹ̀." Òun náà ló sì lọ sọ fún Màmá Ìgò, bó ti lè rọra sọ ọ́ tó, pé ó jọ pé màmá wọn ṣì í gbọ́ ni. Obìnrin náà mú àkísà. Ó nu káńtà, ó tún un nù. Láti ọjọ́ náà, bó bá gbé bíà síwájú bàbá, kì í kí i mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn ilé kì í tètè sọ̀rètí nù. Nínú àwòrán tí àwọn tó fẹ́ fẹ ọ̀nà yà, bàbá rí i pé gígùn ilé láti ìta jẹ́ méjìdínlógójì. Ó ro ti inú pọ̀: ogún, mẹ́tàlá, pẹ̀lú ògiri mẹ́ta tó nípọn ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìndínlógójì. Ẹsẹ̀ bàtà méjì ti wọlẹ̀. Kò sí ilẹ̀kùn láàárín yàrá méjèèjì tí èèyàn lè fi rí bí ògiri àárín ti nípọn tó. "Ògiri kan wà nínú ògiri yẹn," bàbá ní. "Ògiri ilé alágbẹ̀dẹ ni. Wọ́n fi tuntun bò ó." Ó kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé àtijọ́, wọ́n sì dá a lóhùn pé àwọn ń bọ̀ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Ẹ ò rí bí inú ọkùnrin náà ti dùn tó. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n láràárọ̀. Ó ń súfèé nínú ilé ìwẹ̀. Àwọn oníbàárà Màmá Ìgò, tó jẹ́ pé ohun tí kò bá ń hó fófòó wọn kì í gbà á gbọ́, ń kan ògiri wò. Ọ̀kan nínú wọn búra pé òun gbọ́ ìró wúrà. Tíṣà kàn ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn, nítorí ó ti rò pé òun ò ní gbọ́ ìfé yẹn mọ́ láyé.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, tó ku ọ̀la kí ìgbìmọ̀ dé, Tíṣà yà sílé ọtí, ó bá wọn nínú ariwo. Màmá Ìgò ti ní kí káfíńtà kan bá òun ṣe bẹ́ǹṣì gígùn tí ìgbìmọ̀ máa jókòó lé, láti ògiri dé ògiri. Káfíńtà gbé bẹ́ǹṣì dé, ó tò ó, àlàfo kan sì kù sílẹ̀ ní ìkángun.

"Ṣé igi ló tán ni, àbí ojú rẹ ló ń ṣe bàìbàì?" ni Màmá Ìgò ń bi í.

"Màmá, ogún ni wọ́n kọ sínú àwòrán Bàbá Téèpù, ogún ni mo ṣe!" Káfíńtà ti ń làágùn. "Ta ni mo jẹ́ tí màá tún wọn ohun tí Bàbá Téèpù ti wọ̀n?"

"Ṣé ògiri ló wá sún sẹ́yìn?"

Ọ̀mùtí kan tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ ti lọ jókòó sórí àga kékeré nínú àlàfo náà, ó ní ibẹ̀ bá òun mu gan-an. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gba téèpù onírin lọ́wọ́ káfíńtà, ó ní kí ó di etí kan mú. Mọ́kànlélógún. Ó tún un wọ̀n. Mọ́kànlélógún ni. Ó sì wá rántí dáadáa pé mọ́kànlélógún náà lòun pè lọ́jọ́ tí àwọn wọ̀n ọ́n. Kò dúró gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń bi í mọ́.

Ní ojú ọ̀nà, ó kọ́kọ́ rò ó pé kí òun dákẹ́. Ìgbìmọ̀ ò ní fọ́ ògiri. Ìwé ni wọ́n máa wò, ìṣirò ni wọ́n máa kà, ó lè jẹ́ pé wọ́n á fọwọ́ sí i. Ilé á dúró, ẹ̀gbọ́n òun á sì máa súfèé. Gbogbo ìṣirò tó fi ọdún mẹ́rìndínlógójì kọ́ni ló fò lọ lórí rẹ̀. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló ń rí. Nígbà tó délé, bàbá wà nídìí tábìlì, ó ń gbẹ́ pẹ́ńsù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, bí mo bá pe nọ́ńbà fún yín, kí lẹ máa ń ṣe sí i?"

"Mo máa ń yọ ọ̀kan kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ló dé?"

"Èmi náà máa ń yọ ọ̀kan kí n tó pè é."

Bàbá gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, tíṣà ìṣirò ni mí. Ṣé màá rí ìyọkúrò nílẹ̀ kí n fò ó kọjá?"

"Ìyàwó mi kì í yọ ọ́." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Bó bá ti rí i ló ṣe ń pè é. Ọdún mẹ́tàlá. Mi ò sọ fún un rí pé báyìí ni kó ṣe é, òun náà ò bi mí rí. Mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Tíṣà fa àga, ó jókòó tì í. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà; àwọn méjì yìí ò bi ara wọn léèrè.

"Ògiri inú ògiri ńkọ́?" bàbá béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

"Kò sí nǹkan níbẹ̀, bọ̀ọ̀dá mi. Ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, àwa la yọ wọ́n. Mo fẹ́ dákẹ́ o, mi ò lè purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ lógún ọdún—"

"Má pa òwe fún mi. Èmi ni mo ṣáájú rẹ dáyé." Ó pa ìwé ńlá aláwọ̀ ewé tó wà níwájú rẹ̀ dé. "A máa sọ fún wọn. Ilé yẹn lè lọ o, Tíṣà. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi irọ́ dì í mú." Ó tún mú pẹ́ńsù, torí ọwọ́ rẹ̀ kì í lè ṣófo. "Mélòó lo pè níjọ́ náà, fún yàrá iwájú?"

"Mọ́kànlélógún."

"Yàrá ìgò?"

"Mẹ́rìn..." Tíṣà ò lè parí rẹ̀. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni bàbá fò dìde bí ọmọ ogún ọdún, ó ń tú gbogbo ìwé orí tábìlì ká, ó ń wá ìwé alágbẹ̀dẹ.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí kò dé ògiri. Bàbá ò jẹ́ kí wọ́n béèrè kó tó dìde. Ó ní ohun tí òun kọ sí wọn nípa ògiri kì í ṣe òótọ́, ó ṣàlàyé téèpù tó já, ó ṣàlàyé bí ẹ̀gbọ́n ṣe yọ ọ̀kan tí àbúrò sì ti yọ ọ̀kan. Àwọn oníbàárà tó ti ń gbọ́ ìró wúrà kùn. Akọ̀wé ìgbìmọ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tí ojú rẹ̀ le koko, ń tiraka kó má rẹ́rìn-ín. Ó yọ téèpù tirẹ̀ jáde. Kò gba ti ẹnikẹ́ni. Ó wọn iwájú, ó wọn ẹ̀yìn, ó wá tẹ́ ìwé alágbẹ̀dẹ sílẹ̀ lórí káńtà, ó sì fi ìka tọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

"Ilé kan náà ni," ó ní. "Kò sẹ́ni tó máa wó o."

Ariwo sọ. Wọ́n gbé káfíńtà sókè, kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Téèpù ò bá wọn yọ̀. Ó ṣí fìlà, ó rìn lọ sídìí káńtà níbi tí Màmá Ìgò dúró sí.

"Màmá Ìgò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Màmá yín ò ṣì í gbọ́, wọn ò sì ṣì í sọ. Èmi ni mo ṣì í wọ̀n."

Obìnrin náà ń wò ó. "Ẹ tún un wí."

"Màmá yín ò ṣì í sọ."

"Ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́."

Bàbá yíjú sí gbogbo ilé ọtí, ó sì kígbe débi tí ohùn rẹ̀ fi há: "Òótọ́ ni màmá wọn sọ!"

Màmá Ìgò gbé ọwọ́ méjèèjì lé káńtà, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Ọdún kọkànlá nìyí tí wọ́n ti kú," ó ní. "Nígbà tí ẹ ní wọ́n ṣì í gbọ́, mo bá yín binú. Ṣùgbọ́n mo gbà yín gbọ́. Ìyá mi ni mi ò gbà gbọ́ mọ́."