Orin Tó Sọ Ìyá Di Ìyà

"Ìyá mi ń bọ̀ lọ́nà, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un." Ohun tí ọmọge náà fẹ́ kọ nìyí, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé eré olórin náà dórí ìtàgé, láyé àtijọ́. Ohun tó dé etí èrò ìwòran ni, "Ìyà mi ń bọ̀ lọ́nà, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un." Gbọ̀ngàn dàrú. Ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Tìẹ nìyẹn o! Àwa ti ti ilẹ̀kùn tiwa pa!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ọmọge náà tún un kọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ gan-an. Ìyà ló tún jáde.

Kí aṣọ ìtàgé tó sọ̀ kalẹ̀ tán, Bàbá Olórin, ẹni tó kọ eré náà tó sì fi orin sí i, ti dúró síwájú gbogbo òṣèré. "Ẹnu ọmọ yìí wọ́," ló wí. "Kò sóhun tó ṣe orin mi." Lọ́jọ́ kejì, ọmọge mìíràn ló kọ ọ́, ìyá sì jáde ketekete. Ta ni yóò tún gbọ́ àwíjàre ẹni àkọ́kọ́? Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, Bàbá Olórin fi apanilẹ́rìn-ín kan kún eré náà, ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í lè pe ọ̀rọ̀ dáadáa, ó pè é ní Ẹlẹ́nu-Wíwọ́. Orúkọ yẹn bá ọmọge náà délé ọkọ.

Bí ẹni tó ṣu bá gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ọmọge yẹn ti di ìyá àgbà báyìí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ súfèé nínú ilé rẹ̀, ká má tíì wá sọ pé kó kọrin. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin ni wọ́n wá gbéṣẹ́ fún pé kó tún eré náà kọ, kó lè bá ayé òde òní mu. Òǹkọ̀wé ni gbogbo ilé eré ń pè é. Bàbá Olórin ò mọ ọmọ ẹni tó ń ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, ilé eré ń hó yèè. Àwọn kan ń kan pákó, àwọn kan ń jó, Ọ̀gá Eré sì ń sáré kiri bí adìyẹ tó fẹ́ yé. "Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ìjókòó kan tó ṣẹ́ kù mọ́! Wọ́n ti rà á tán pátá!"

Inú Òǹkọ̀wé ń dùn bí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Nínú eré àtijọ́, wọ́n á fa ọmọbìnrin inú rẹ̀ lé olówó kan lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn. Nínú èyí tí òun tún kọ, ọmọbìnrin náà fún olówó ní fìlà rẹ̀, ó júwe ilẹ̀kùn fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá débẹ̀, àwọn káfíńtà máa ń ju òòlù sílẹ̀ láti pàtẹ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù.

"Mo gbà kó o lé olówó," Bàbá Olórin wí láti orí àga iwájú, tó fàgbọ̀n ti ọ̀pá rẹ̀. "Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́nu-Wíwọ́ ò kúrò níbì kan."

"Bàbá, àwọn èèyàn òde òní ò fi àléébù ẹni rẹ́rìn-ín mọ́."

"Irọ́ ni. Wọ́n kàn ń lọ rín in nílé ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

"Eré mi ni! Bí Ẹlẹ́nu-Wíwọ́ bá jáde, mo gba eré mi nìyẹn. Kí ẹ lọ máa ka ìwé ìròyìn fún àwọn tó ra ìjókòó."

Ọ̀gá Eré sáré fa Òǹkọ̀wé sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Àǹtí, ẹ fi sílẹ̀ fún bàbá. Àwàdà lásán ni."

Àwàdà lásán! Òǹkọ̀wé yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, níbi tí onífèrè ti ń fọn orin ìṣíde láti fi mú ẹnu rẹ̀ gbóná. Orin tí ọmọge náà kọ ni, ṣùgbọ́n níbi ìṣíde, fèrè nìkan ló máa ń dá a fọn, láìsí akọrin. Inú ń bí Òǹkọ̀wé, ó sì ń bá a kọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ láìfọkàn sí i. Lójijì ló gbọ́ ohun tí ẹnu òun fúnra òun sọ: ìyà.

"Ẹ tún un fọn!"

"Kí ni mo ṣe?" onífèrè béèrè.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ ṣáà fọn ọ́n!"

Ó tún un fọn. Orin náà já wálẹ̀ níbi tó ti yẹ kó gòkè.

"Èé ṣe tó fi ń já wálẹ̀ níbẹ̀? Ti àwọn akọrin ń gòkè."

"Bí Bàbá ṣe kọ́ ọ̀gá mi nìyẹn, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré rárá. Ọ̀gá mi ló kọ́ èmi náà. Fèrè ò kúkú lọ́rọ̀ lẹ́nu, ta ni yóò yí i padà?"

Bàbá Olórin ti tún tàwọn akọrin ṣe mọ́jú ọjọ́ kejì yẹn, ó gbàgbé fèrè! Òǹkọ̀wé fi fóònù pe ìyá rẹ̀, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Màmá, ẹ má pa fóònù o."

"Ariwo kí nìyẹn? Ṣé ilé eré yẹn lo wà? Mi ò ti sọ fún ẹ pé..."

"Ẹ gbọ́ nǹkan kan, Màmá."

Onífèrè fọn ọ́n. Nígbà tí Màmá máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ohun tí Bàbá Olórin kọ́ mi nìyẹn! Òun ni mo wí tí wọ́n ní mò ń purọ́!"

"Ẹ kọ ọ́, Màmá. Gbogbo ilé ń gbọ́ yín."

"Èmi? Pẹ̀lú ohùn yìí?" Ó húkọ́. "Sọ fún un kó tún un bẹ̀rẹ̀. Kó má sáré mọ́ mi lẹ́nu o."

Ohùn Màmá ha, ṣùgbọ́n kò ṣìnà. Ibi tí fèrè gbà ló gbà, ìyà sì jáde. Àwọn òṣèré bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tó ń ṣe ọmọge inú eré ló kọ́kọ́ dákẹ́. Òun náà bá fèrè kọ ọ́. "Yéè! Èmi náà!" Ẹlòmíràn gbìyànjú, ẹlòmíràn tún gbìyànjú, títí kan káfíńtà kan tí ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyà gba gbogbo ilé kan. Kò sẹ́ni tó lè fi orin náà pe ìyá.

"Ta ló wà lórí fóònù yẹn?" Bàbá Olórin béèrè.

"Ìyá mi ni, Bàbá. Àwọn lẹ sọ ní Ẹlẹ́nu-Wíwọ́."

Bàbá wo onífèrè. Ó wo Ọ̀gá Eré, ìyẹn ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí fóònù, ó gbé e sún mọ́ ẹnu.

"Ọmọge," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mò ń gbọ́ yín, sà," Màmá dáhùn. "Àmọ́ ẹ sọ ọ́ sókè. Níwájú gbogbo èèyàn lẹ ti sọ tàkọ́kọ́."

Bàbá Olórin fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde, ó sì kọjú sí àwọn òṣèré.

"Orin mi ló já wálẹ̀ níbi tí kò yẹ," ó wí, ó sì pariwo rẹ̀. "Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ ni mo ti mọ̀. Mo tún un ṣe, mo sì dákẹ́. Èmi ni mo jẹ̀bi."