Lẹ́tà Gíríìkì Lẹ́nu Ọkọ Mi

Ẹ gbọ́ ná, kí ló kàn mí kan èdè àwọn Gíríìkì àtijọ́? Aṣọ ni mo ń rán. Ọkọ mi, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tíṣà, ló ń fi í kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì. Mo máa ń bi í pé, "Tíṣà, àwọn tó ń sọ ọ́ ti kú tán. Ta lẹ fẹ́ bá sọ ọ́?" Á kàn rẹ́rìn-ín.

Àfi bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe kọlù ú. Ẹsẹ̀ padà ń gbé e, ṣùgbọ́n ẹnu kọ̀. Bó bá fẹ́ omi, á nawọ́ sí i. Orúkọ mi gan-an, kò lè pè é. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣé mi ò ní í gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkọ mi mọ́ nìyẹn?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń fi òwú sí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé: "Álífà, bẹ́tà, gámà, dẹ́lítà..." Ó ka lẹ́tà Gíríìkì dópin láìṣì! Mo sáré pe nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀. Ó ní ohun tó bá ti mọ́ èèyàn lẹ́nu tipẹ́, àìsàn máa ń fi í sílẹ̀ nígbà mìíràn.

"Ìyá, ẹ bá wọn kà á," ló wí. "Kí wọ́n mú ọ̀kan, kí ẹ mú ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ lè tibẹ̀ yọ."

Èmi tí mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́! Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Inú fóònù rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, níbi tó ti gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tára rẹ̀ le. Mo kọ́kọ́ sunkún. Nígbà tó yá, ìbéèrè gba ẹkún lọ́wọ́ mi. Ta ló ya lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní tẹ́tà bí bọ́tìnì tí òwú gba àárín rẹ̀ kọjá? Kí ló dé tí wọ́n fi ní "o" kúkúrú lọ́tọ̀, "o" gígùn lọ́tọ̀? Ohùn rẹ̀ nínú fóònù ní lẹ́tà tí ayé òde òní ń pè ní "fi", àwọn ará àtijọ́ kì í fi eyín kan ètè bí wọ́n bá ń pè é. Ètè méjèèjì á pàdé, wọ́n á ṣí, èémí á tú jáde. Ó ní ká gbé bébà fẹ́lẹ́ síwájú ẹnu. Mo gbé èyí tí mo fi ń gé àwòṣe aṣọ. Ó mì! Èmi nìkan ni mo ń pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù.

Àmọ́ lẹ́tà "pi" fojú mi rí màbo. Ètè nìkan ló yẹ kó ṣiṣẹ́, ẹnu tèmi sì ń ti ẹ̀yìn ọ̀fun gbé e bọ̀, bí ìgbà téèyàn ń pe "pápá" lédè Yorùbá.

Nígbà tí mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n, mo jókòó tì í, mo ń rán bọ́tìnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ní álífà, mo ní bẹ́tà. Ojú rẹ̀ là. A ń bá a bọ̀ títí ó fi ní òmíkírónì. Ó wá kàn mí.

"Pi!" mo fi gbogbo agbára pè é.

Tíṣà fajú ro, ó gbé ìka sókè, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Rárá," ó ní. "Ètè... ètè nìkan ni."

Yéè! Èmi tí kì í gba ìbáwí lẹ́nu rẹ̀! Mo nu ojú mi nù, mo ní, "Ẹ má bínú, Tíṣà." Lẹ́yìn náà ni mo mọ̀ọ́mọ̀ tún ṣì í pè, kó lè tún bá mi wí.