Ibi tí Lydia Yóò Dúró Sí

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Lydia ìyàwó rẹ̀ ní Ajue, Ọláníran kò fẹ́ rí àyè tó ṣófo mọ́. Ó kó ẹrù jọ sí yàrá tí obìnrin náà ń sùn títí ilẹ̀kùn kò fi ṣí tán mọ́. Nígbà tí yàrá kún, ó yíjú sí pálọ̀. Ó kan tábìlì gbàràmù kan síbẹ̀, ó to irin tẹ́ẹ́rẹ́ sórí rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń lo bátìrì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yípo níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní Ore ní bàbá ti padà sídìí ohun ìṣeré ọmọdé. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún wa ọkọ̀ rélùwéè, tó wá fẹ̀yìn tì sí ìlú tí rélùwéè kò dé, kí ni kó máa wò?

Ibi tó ń kọ́ sórí tábìlì kì í ṣe ibi àfinúrò. Ibùdókọ̀ kékeré kan ni lókè Ìlọrin, níbi tí òun àti Lydia ti fi ọdún mọ́kànlá gbé nígbà tí iṣẹ́ gbé e lọ sọ́hùn-ún. Ó kọ́ ilé ibùdókọ̀, ó kọ́ ilé àwọn òṣìṣẹ́, ó fi páálí ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gé fóòmù tó ti gbó ní igi, ó kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ tábìlì títí kò fi sí ibi tí ìka lè bọ́ sí.

Ohun kan ṣoṣo ló kù, òun gan-an sì nìdí iṣẹ́ náà: Lydia. Igi ìṣáná ni Ọláníran fi ṣe é. Ó fi orí pupa rẹ̀ sílẹ̀ kó jẹ́ gèlè, ó sì gé aṣọ Lydia fúnra rẹ̀, ìwọ̀n èékánná, ró o nídìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wá ibi tí yóò gbé e sí. Bó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, igi a bò ó. Bó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ilé a gbé e mì. Bó bá ti sún sẹ́yìn díẹ̀, kò ní rí i mọ́, á sì dùn ún bí ẹni pé obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni.

Màmúdù ló tú u fó. Awakọ̀ tírélà ni tẹ́lẹ̀, ọmọ Ìlọrin tó ti pẹ́ ní gáréèjì Ore. Bó bá kírun Jímọ̀ tán, á yà kí Ọláníran. Lọ́jọ́ náà ó dúró ti tábìlì, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ pe ibí yìí?"

"Ṣebí mo ti sọ fún ọ. Lókè Ìlọrin."

"Ogún ọdún ni mo fi ń gba ọ̀nà yẹn. Omifunfun tó wà nínú igbó níbí lẹ kọ́ síbí yìí, kòkó nìkan ló kù kẹ́ ẹ gbìn. Kóríko ló wà lọ́hùn-ún, ẹ̀gbọ́n. Kóríko lọ súà. Bẹ́ ẹ bá rí igi kan, ẹ ó rìn kẹ́ ẹ tó rí èkejì. Àmọ́ ẹ̀yin Ìkálẹ̀, ẹ kì í rí ilẹ̀ kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀."

Òótọ́ korò. Ní Odigbo ilé wọn, ẹni tó bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ lásán ń ránṣẹ́ pe ẹlòmíràn kó wá gbin ẹ̀gẹ́ sí i ni. Láti kékeré ni wọ́n ti fi èyí kọ́ Ọláníran, ọwọ́ rẹ̀ sì ti gbin igbó ilé baba rẹ̀ sórí ọ̀dàn láìbi í léèrè. Ó ní Màmúdù kò mọ nǹkan kan. Màmúdù kò bínú. Ó ṣàdúrà fún un, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Ọláníran bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣóńṣó ọ̀bẹ hú igi kúrò. Lẹ́yìn igi, ó yọ ṣọ́ọ̀ṣì náà, nítorí kò sí ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ rí. Torí pé Lydia fẹ́ràn orin ló fi kọ́ ọ. Ó bu èérún pákó ní sọ́míìlì, ó rẹ ẹ́ sínú tíì, ó sá a gbẹ, ó sì fọ́n ọn sórí gọ́ọ̀mù. Nígbà tó parí, ìdajì tábìlì tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọ̀ kóríko ọ̀gbẹlẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó dá àwọn igi náà padà.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni. Ọkọ̀ ẹrù ni Ọláníran ń wà nígbà náà, kì í dúró ní ibùdókọ̀ kékeré yẹn. Gbogbo ìgbà tó bá ń kọjá ni Lydia máa ń jáde sí pápá ẹ̀yìn ilé, tí á na ọwọ́ sókè. Ọláníran á fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì, á sì kọjá. Awakọ̀ rélùwéè kì í wẹ̀yìn. Iwájú ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ó ti sọ ìtàn náà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, tẹ̀ríntẹ̀rín ló sì máa ń sọ ọ́.

Ó gbé Lydia sáàárín pápá. Láti ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ló ti ń rí gèlè pupa náà, inú rẹ̀ sì dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún náà. Ó tan ọkọ̀. Nígbà tó dé ọ̀gangan obìnrin náà, bàbá fi ẹnu súfèé lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ kọjá.

Ojú rẹ̀ kò bá ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ ti rìn jìnnà, Lydia ṣì wà lórí ìdúró, kóríko níwájú, kóríko lẹ́yìn, ilé tí ẹnì kankan kò sí nínú rẹ̀ ló sì máa padà sí fún ọjọ́ mẹ́rin kí ọkọ rẹ̀ tó dé. Ọmọ Ajue, tó dàgbà sábẹ́ kòkó, níbi tí èèyàn ti ń gbọ́ ikọ́ aládùúgbò rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni Ọláníran fi ń rí i bó ṣe ń kọjá. Kò rí i rí lẹ́yìn tó bá ti kọjá tán.

Ó pa ọkọ̀ náà. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì, ó jókòó tì í.

"Lydia," ó ní, "mi ò mọ̀ pé bó ṣe ń rí nìyí."