Sónà Nínú Páìpù Gbígbẹ

Bí Olúgbóyèga ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni Adébùsọ́lá ti yọ ṣùtì sí i. Wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni, iṣẹ́ ẹlòmíràn sì ni ọkùnrin yìí máa ń wò kọ nígbà náà. Ní báyìí, Adébùsọ́lá ti di olùkọ́ yunifásítì ní Maiduguri, Olúgbóyèga sì ti di kọngílá tó gbé ẹ̀rọ sónà wá láti Èkó.

Ẹ̀rọ yìí máa ń rán ìró sínú omi. Bí ìró náà bá kan nǹkan, tó sì padà, á fi ya àwòrán inú páìpù. Alhaji Jàáfárù, ọmọ Ìlọrin tó dàgbà sí Shehuri nínú ìlú náà, ni ọ̀gá tó ń bójú tó omi. Òun ló fẹ́ mọ ohun tí kò jẹ́ kí omi dé àdúgbò Bolori, ó sì pe Adébùsọ́lá kó wá fojú sí iṣẹ́ náà.

"Bùsọ́lá! O ṣì wà nínú eruku yìí?"

"Iṣẹ́ mi ló wà níbí."

Olúgbóyèga ti ẹ̀rọ náà bọ inú páìpù ńlá. Kò pẹ́ tí àwòrán róbótó aláwọ̀ mèremère fi yọ lójú kọ̀ǹpútà.

"Ẹ wò ó, Alhaji. Kò sí ohun tó dí i, ó ti gbó ni. Ẹ máa pààrọ̀ gbogbo ẹ̀, mo sì lè bá yín ṣe é."

"Madalla! Ẹnjiníà gidi!"

Adébùsọ́lá bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ páìpù. Inú rẹ̀ gbẹ.

"Gbóyèga, omi dà?"

"Omi wo?"

"Wọ́n ti fa omi ibí yìí gbẹ láti àná. Sónà rẹ kò lè ríran láìsí omi. Níbo lo ti rí àwòrán yìí?"

Olúgbóyèga bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tíṣà! Inú ìwé lẹ mọ̀."

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n ṣí omi sí i."

Ojú ti Alhaji díẹ̀, torí ó ti yìn ín tán. "To, ẹ ṣí i."

Omi tó wọlé pọ́n, ojú lásán kò lè rí nǹkan nínú rẹ̀. Wọ́n tún ti ẹ̀rọ náà sí i. Nígbà tó wọlé jìnnà, àwòrán tuntun yọ: iyanrìn ti ga kọjá ìdajì páìpù.

Olúgbóyèga nu ojú rẹ̀. "Ẹ rí i? Iyanrìn! Mo ti fura tipẹ́."

"Kai, ojú yín mú o!" ni Alhaji wí, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Adébùsọ́lá la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ó wo àwọn méjèèjì, ó rí i pé kò sí ẹni tó yẹ kóun fi itọ́ ẹnu ṣòfò lé lórí níbẹ̀. Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé.

Nígbà tí wọ́n kó iyanrìn náà tán, omi dé Bolori. Adébùsọ́lá ń fi omi ẹ̀rọ ṣanwọ́ ṣanṣẹ̀ nínú àgbàlá nígbà tí fóònù dún.

"Bùsọ́lá, mo ríṣẹ́ ní Yola. Wá bá mi ṣe é, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ìwọ ni."

"Lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn, Gbóyèga."

Ó pa fóònù, ó sì tún bu omi sára.